Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Bàbá Mi Kọ́ Aṣọ Híhun

Ọdún tí okùn ọkọ̀ apẹja já, tó na bàbá mi lẹ́sẹ̀,
tí eegun ojúgun rẹ̀ dá bí igi gbígbẹ,
wọ́n gbé e wálé láti ojú òkun
ní oṣù Karùn-ún, ẹsẹ̀ kan funfun gbọọrọ
nínú ẹfun ilé ìwòsàn.
Beinir tó ń bá ìgbì wọ̀jà
wá jókòó sídìí fèrèsé
bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú.

Ní Sandoy tiwa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé,
oòrùn a dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó relé.
Aago mọ́kànlá alẹ́ á lù,
ìmọ́lẹ̀ á ṣì wà lórí tábìlì, á máa wo búrẹ́dì wa.
Bàbá mi kò rí oorun sùn.
Ó ka àwọn ẹyẹ. Ó ka òpó ọgbà.
Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣó inú pákó ilé,
Ìyá-ńlá Sunnvá ju òwú lù ú láyà.
"Ọwọ́ kọ́ ló dá," ló wí.
"Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, ṣé aṣọ ni yóò fẹ́ ẹ kù?"

Ṣùgbọ́n àwọ̀n fẹ́ kí omi kọjá,
aṣọ kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ìyẹn tó yé e.

Èmi àti Hanus wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú Màmá,
a ń kó koríko òkun tó ti rà sẹ́bàá ebè ànàmọ́.
Òkúta ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wa;
Màmá ní bí òkúta bá ṣeé sè, à bá ti yó láti ọjọ́ yìí.
Rúbábù nìkan ni kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó hù:
ewé rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, igi rẹ̀ pupa,
ó kan débi pé ojú kan ṣoṣo ni Hanus fi ń jẹ ẹ́,
ó ti di èkejì pa.

Lọ́jọ́ kan a gbàgbé ilẹ̀kùn ọgbà.
Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà,
àgùntàn tiwa kò mọ díẹ̀ díẹ̀:
mẹ́fà ya wọlé pọ̀, ó di inú kábéèjì.
Bàbá rí wọn láti ojú fèrèsé. Ó ké. Ó gbàgbé ẹsẹ̀,
ó fi abẹ́rẹ́ ìhunṣọ lé wọn, ó ń tiro,
òwú ń tú tẹ̀ lé e
gba yàrá, gba ẹnu ọ̀nà, gba orí koríko,
irun àgùntàn ń lé àgùntàn.
Màmá jókòó lulẹ̀ sórí ebè, ó rẹ́rìn-ín
títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀
látọjọ́ tí tẹlifóònù ti dún láti inú ọkọ̀.

Sunnvá kò rẹ́rìn-ín. Ó ká òwú náà padà
tòun ti ẹrẹ̀, tòun ti koríko.
Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Lálaalẹ́ ó ní kí Bàbá máa kà á sókè:
dúdú méjì, funfun kan, dúdú méjì.
Òun á máa fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà,
á ní, "Ibí yìí. Tú u."
A rò pé ìkọ́ni ni. Ìgbà òtútù ló tó hàn sí wa
pé ojú rẹ̀ ti ṣú láti ọjọ́ yìí,
ọwọ́ ló fi ń ríran.

Oṣù Kẹjọ, a wu ànàmọ́, kéékèèké bí ẹyin ẹyẹ.
Wọ́n gé ẹfun náà kúrò. Aṣọ náà parí:
apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ.
Bàbá ní kò burú, ọ̀tún lòun fi ń fa okùn.
Ó wọ̀ ọ́ padà sójú òkun.

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi báyìí.
Lábẹ́ abíyá òsì, láàárín dúdú àti funfun,
ewé koríko kan wà níbẹ̀, ó gbẹ, wọ́n hun ún mọ́ ọn.
N kò yọ ọ́.